Ìpápánu ìbejì: kí ni mo lè fi rọ́pò ṣúgà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin, Ìdòwú wọn sì ti pé oṣù mẹ́wàá. Ìbàdàn là ń gbé. Láti ìgbà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni wàhálà ìpápánu ti wọlé: bisikíìtì, súwíìtì àti júùsì inú páálí nìkan ni wọ́n ń bèèrè, torí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń gbé wá nìyẹn. Dókítà eyín yẹ ẹnu Kẹ́hìndé wò lóṣù tó kọjá, wọ́n ní eyín méjì ti ń jẹrà. Ni mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni n óò máa ṣe ìpápánu wọn. Mo kọ́kọ́ ṣe kéèkì tí mo da oyin sí dípò ṣúgà. Ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ ò jiná. Mi ò ní oven, gáàsì olójú méjì ni mo ń lò. Kí ni mo lè fi rọ́pò ṣúgà? Ṣé oyin ló dára jù ni, àbí dàbínò? Ṣé dandan ni kí n máa yan gbogbo nǹkan, kí n má dín in mọ́? Ìyá ọkọ mi náà ò tún jẹ́ kó rọrùn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá kí wa ni wọ́n ń kó bisikíìtì dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú wàhálà wọn. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, Ìdòwú á bá wọn dàgbà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ láàárín àwọn ọmọdé, ìbéèrè yín yìí ni mo sì máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ìyá: kí ni mo lè fi rọ́pò ṣúgà? Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ má wá arọ́pò kankan. Ṣúgà náà gan-an ni kí ẹ máa dín kù, títí ahọ́n àwọn ọmọ á fi gbà pé ibi tí adùn kéèkì mọ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ṣúgà á fi jáde nílé yín.

Ẹ jẹ́ ká mú oyin. Bí ẹ bá wọn oyin gíráàmù 100, nǹkan bíi 80 nínú rẹ̀ ṣúgà ni, omi ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Kòkòrò tó wà lẹ́nu Kẹ́hìndé ò mọ̀ bóyá oyin ìgàn lẹ rà tàbí ṣúgà onígun. Bí adùn bá ti kàn án, á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń jẹ eyín. Oyin yìí kan náà ló ba kéèkì yín jẹ́. Ó máa ń tètè pọ́n nínú iná ju ṣúgà lọ, ó sì tún ń gbé omi tirẹ̀ wọnú àpòpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ti dúdú, ẹ rò pé ó ti jiná, àárín ṣì ń mì bí ẹ̀kọ tí kò dì. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ti Ìdòwú le ju èyí lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin rárá, ì báà jẹ́ èyí tí a fi ìka tọ́ sí i lẹ́nu. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum máa ń fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́ sínú oyin. Ìfun àgbàlagbà ń borí rẹ̀. Nínú ìfun ìkókó, ó lè hù, kó máa tu májèlé tó ń gba agbára lọ́wọ́ iṣan ọmọ. Iná tí a fi ń ṣe kéèkì kò sì pa irúgbìn yìí, torí náà ẹ má sọ pé ó ti kọjá nínú iná. Bí Ìdòwú bá ti jẹ nínú kéèkì ọjọ́ yẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ: bí ìgbẹ́ bá ń há a, bí ẹkún rẹ̀ bá ń rọ, bí kò bá lè fa ọyàn dáadáa mọ́, tàbí bí ọrùn rẹ̀ ò bá gbé orí mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dárúkọ oyin fún dókítà.

Dàbínò ńkọ́? Ó ní èèpo àti fọ́nrán tó ń jẹ́ kí ọmọ lè yàgbẹ́ dáadáa, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dàbínò gbígbẹ ló jẹ́ ṣúgà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ eyín. Bí ẹ bá lọ ẹyọ méjì mọ́ nǹkan, kò burú. Bí ẹ bá lọ ogún sínú kéèkì kan, tí ẹ wá ń sọ fún aládùúgbò pé kéèkì yín ò ní ṣúgà, ara yín lẹ ń tàn.

Èló wá ni ó tó? Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ṣúgà tí a ń bù sínú oúnjẹ, pẹ̀lú ti oyin àti ti júùsì, má kó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́, ó sì sàn bí kò bá tó ìdá márùn-ún. Ta ló fẹ́ jókòó ṣe irú ìṣirò yẹn nínú ilé ìdáná? Ti NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣeé fojú rí: ọmọ ọdún 4 sí 6 kò gbọdọ̀ jẹ ju gíráàmù 19 lọ lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi hóró márùn-ún nínú ṣúgà onígun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin. Ẹ ka hóró márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ wá yí páálí júùsì àwọn ìbejì padà, ẹ wo iye gíráàmù tí wọ́n kọ sí iwájú “sugars”, kí ẹ fi mẹ́rin pín in. Iye hóró tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra o, nígbà míì, ti ìdá kan páálí ni wọ́n máa ń kọ, kì í ṣe ti gbogbo rẹ̀.

Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi nìyẹn: júùsì yẹn ni màá kọ́kọ́ lé jáde, kí n tó ra fúláwà. Omi ni kó wà nínú ìgò wọn. Wọ́n á sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní ọsàn, ẹ bó o kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ohun kejì tí kò ní náwó kankan ni àkókò. Ìgbàkígbà tí adùn bá kan eyín, ásíìdì á máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí itọ́ tó fọ̀ ọ́ mọ́. Ọmọ tó jẹ kéèkì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán sàn ju èyí tó ń la súwíìtì kan ṣoṣo láti aago méjì títí di aago mẹ́rin. Nílé mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpápánu lójúmọ́, nǹkan bí aago mẹ́wàá àti aago mẹ́rin. Láàárín ìwọ̀nyí, omi nìkan ni.

Ó wá kù sí kéèkì. Kì í ṣe adùn nìkan ni ṣúgà ń bù sí i. Òun ló ń di omi mú kí kéèkì má gbẹ, òun ló ń jẹ́ kó rọ̀, òun ló ń jẹ́ kó pọ́n. Nínú kéèkì ọlọ́jọ́ ìbí tí a ń fi bọ́tà àti ṣúgà lù títí á fi funfun, hóró ṣúgà wẹ́wẹ́ yẹn ló ń la ihò sínú bọ́tà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ lè yọ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣúgà irú kéèkì bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Bí ẹ bá yọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí mi, tí ìmọ̀ ń gùn mí, mo ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ mi ọkùnrin láìfi ṣúgà kankan sí i, kìkì fúláwà àlìkámà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ṣáà ń wò ó. Ọ̀kan bù ú jẹ, ó rọra tu ú sínú ìwé ìnuwọ́, ó ní “ẹ ṣé mà.” Ewúrẹ́ ìyá onílé ló jẹ ìyókù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí a bá fẹ́ dín ṣúgà kù gidi, kéèkì mìíràn la ó ṣe, ká má fi tipátipá gba ṣúgà lọ́wọ́ kéèkì tí òun ló gbé e ró.

Kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà, tí ara rẹ̀ ti di tó-tò-tó dúdú, tí àwọn oníbàárà ò fẹ́ mọ́, òun gan-an lẹ ń wá. Bó ṣe ń pọ́n ni ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń di adùn, owó rẹ̀ sì dín. Mẹ́ta nínú rẹ̀ tó. Ẹ fọ ọwọ́ àwọn ìbejì, kí ẹ gbé abọ́ àti fọ́ọ̀kì fún wọn, kí wọ́n máa gún un. Ọmọ tó bá gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kọ kéèkì rẹ̀. Fúláwà jẹ́ gíráàmù 200, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti àlìkámà tí wọn ò bó bí ẹ bá rí i rà. Bí ẹ ò bá rí i, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ funfun, ayé ò ní parẹ́. Bí ẹ ò bá ní ìwọ̀n, fúláwà tó kún agolo mílíìkì olómi kékeré méjì dáadáa máa sún mọ́ gíráàmù 200 náà. Ẹ po ṣíbí tíì méjì baking powder mọ́ fúláwà náà pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ kíún àti nutmeg tí ẹ rin sí i. Nínú abọ́ kejì, ẹ lu ẹyin méjì, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin òróró, ṣíbí mẹ́rin mílíìkì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún náà, àti ṣúgà.

Èló ni ṣúgà? Nínú irú kéèkì yìí, àwọn èèyàn máa ń bu bíi gíráàmù 150. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ bu 80. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó di 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, 40, ìyẹn ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, pàápàá jù lọ bàbá wọn. Bí ẹ bá gé kéèkì náà sí méjìlá, ṣúgà tí ẹ bù sí ìdá kan kò ní í pé hóró kan.

Ẹ da olómi sínú fúláwà, kí ẹ fi ṣíbí igi rò ó títí fúláwà funfun á fi pòórá, kí ẹ sì dáwọ́ dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á máa lù ú bí ẹni ń po àkàrà, ohun tó ń fà nínú àlìkámà á jí, kéèkì á wá máa fà bíi rọ́bà. Bó bá rí kókó-kókó díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Oven yín ni ìkòkò. Kí ó jẹ́ ìkòkò alumíníọ́mù tó nípọn, tó sì ní ìdérí tó dé e pa. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fi nǹkan dúdú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ sí inú rẹ̀, torí kò yẹ kí irú rẹ̀ gbóná lófìfo. Ẹ ṣan iyanrìn, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kó ga tó ìka méjì. Ẹ gbé agolo pẹlẹbẹ tàbí òrùka irin lé iyanrìn kí páànù kéèkì má bàa jókòó lé e tààrà. Ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó gbóná lórí iná àárín fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ ti fi òróró pa páànù, ẹ ti wọ́n fúláwà sí i. Ẹ dà àpòpọ̀ náà sí i kó má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ gbé e wọlé, ẹ dé e, ẹ dín iná kù.

Ẹ má ṣí i kí ó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé òórùn á máa pè yín. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá wọlé kí àárín tó dì, á jìn sí kòtò. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 40, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun tí ẹ fọ̀ gún àárín rẹ̀. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jiná. Bí nǹkan bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Òkè rẹ̀ kò ní pọ́n bíi ti oven, torí iná kò sí lókè, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn kan ń fi èédú sórí ìdérí kí òkè lè pọ́n. Bí ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìta gbangba ni o. Èéfín èédú nínú ilé tó tì pa máa ń pààyàn láìjẹ́ kí onítọ̀hún gbóòórùn ohunkóhun.

Ẹ ní ṣé dandan ni kí ẹ máa yan nǹkan, kí ẹ má dín in mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bisikíìtì tí a ń sá fún yìí, ṣebí yíyan ni wọ́n yan án? Kì í ṣe iná oven ló ń sọ oúnjẹ di mímọ́, ohun tí a pò mọ́ra ni kí ẹ wò. Àkàrà tí ẹ fi òróró tó mọ́ dín láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀wà, ata àti àlùbọ́sà ló wà níbẹ̀. Ó sàn lọ́nà mẹ́wàá ju bisikíìtì tí wọ́n fi ráísìn méjì yàwòrán sí lára. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe lo òróró kan títí á fi dúdú, tí á máa hó fòfò, kí puff-puff àti bọ́nsì sì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí bí tìmùtìmù ni wọ́n ṣe ń fa òróró mu, ṣúgà sì tún wà nínú wọn.

Ẹ̀wà yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé oúnjẹ ìbejì ni ẹ̀wà? Àwọn àgbà tó ń se é fún Ẹ̀jìrẹ́ kò wọn èròjà rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, síbẹ̀ kò sí ìpápánu tí ẹ lè rà ní páálí tó máa fún ọmọ yín ní ohun tí ẹ̀wà ń fún un: èròjà tó ń mọ ara, irin tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, àti ìyókunnú tí kì í tètè lọ. Ẹ se mọ́ínmọ́ín sínú agolo kéékèèké, kí ẹ kó ẹyin sísè gígé àti ẹja sí i. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé ní aago méjì, kí wọ́n bá a ní gbígbóná. Àwọn kan máa ń da ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ti lù dáadáa sínú páànù kéèkì kéékèèké, wọ́n á yan án, wọ́n á ní àkàrà ni. Ó dùn, mo ń ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe àkàrà, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ létí ọmọ Yorùbá.

Mọ́ínmọ́ín àárọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kó bá wọn lọ sílé ìwé nínú abọ́ lásán o. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ láìgbóná tàbí láìtutù, ooru tiwa sì burú. Bí ẹ bá dì í ní aago mẹ́fà ààbọ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹ ti fi nǹkan bí wákàtí méjì ta tẹ́tẹ́. Àfi bí ẹ bá ní kúlà tó ń mú oúnjẹ gbóná gidi: kí ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ dà á nù, kí ẹ wá gbé mọ́ínmọ́ín tó ṣì ń ru èéfín sí i. Bí ẹ ò bá ní i, nǹkan gbígbẹ ni kó lọ sílé ìwé: ìdá kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì kúrò nínú èèpo rẹ̀, tàbí chin-chin yíyan.

Chin-chin yẹn yá kíá. Fúláwà gíráàmù 250, bọ́tà 50, ṣúgà 30, ẹyin kan, mílíìkì díẹ̀díẹ̀ títí á fi dì mọ́ra, nutmeg. Ẹ tẹ́ ẹ kó fẹ́lẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ yan án nínú ìkòkò oníyanrìn kan náà, ẹ máa yí i. Á gbà yín ní ìgbà bíi mẹ́ta kó tó tán torí páànù kéré. Bó bá tutù tán, ẹ dà á sínú ike tó dé pa.

Bọ́tà wo? Èyí tó bá ti wà nílẹ̀, bí kò bá ṣáà ti ní “partially hydrogenated” nínú ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní trans fat ń gbé, èyí tó ń fa àrùn ọkàn. Òfin NAFDAC ti ọdún 2022 ní kó má ju gíráàmù 2 nínú 100 ọ̀rá lọ, àmọ́ ojú yín náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe nínú ọjà. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé ṣúgà wa dára torí òfin ní kí wọ́n fi fítámì A sí i, òótọ́ ni pé òfin wà lórí fúláwà, òróró àti ṣúgà. Ẹ jẹ́ kó wá fítámì A tirẹ̀ lọ sínú epo pupa.

Ìdòwú kò bá wọn dé inú gbogbo èyí. Ní oṣù mẹ́wàá, kò nílò ṣúgà, kò nílò kéèkì. Ẹ se ọ̀dùnkún, ìyẹn ànàmọ́, tí inú rẹ̀ pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì títí á fi rọ̀, kí ẹ gé e gbọọrọ bí ìka àgbà kó lè dì í mú fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹni tó ń ti Ọ̀ffà bọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú ànàmọ́ ni. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n ni kí ẹ bèèrè. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní Mother’s Delight, láti ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Umudike. Torí fítámì A tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un jáde. Ẹyin tó jiná dáadáa tọ́ sí i, ìbẹ́pẹ tó pọ́n tọ́ sí i. Ẹ̀pà lílọ̀ kúnná tọ́ sí i pẹ̀lú, kí ẹ pò ó mọ́ ògì rẹ̀ kó ṣàn. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní London lọ́dún 2015 fi hàn pé àwọn ìkókó tí wọ́n tètè fún ní ẹ̀pà kì í sábà ní èèwọ̀ ara fún un tí wọ́n bá dàgbà. Bí Ìdòwú bá ní àrùn awọ ara tí wọ́n ń pè ní eczema, tó sì le, tàbí tí ẹyin ti wú u lẹ́nu rí, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀pà tó bá ti bu tàbí tó korò, ilẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe fún ọmọ, kì í ṣe fún adìẹ.

Àmọ́ odindi ẹ̀pà, rárá. Kò sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí mo ń fún ní odindi ẹ̀pà tàbí gúgúrú, títí kan àwọn ìbejì yín. Ó máa ń sá gba ọ̀nà ọ̀fun òdì, pàápàá bí wọ́n bá ń sáré jẹun, ta ni ó sì lè dá ìbejì dúró? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó jẹ ohunkóhun.

Ó wá kan Ìyá. Ẹ má ṣe bá wọn jà lórí bisikíìtì, ìfẹ́ ni wọ́n kó dání wá, ọwọ́ wọn ò sì lè ṣófo níwájú ọmọ ọmọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé ni pé kí wọ́n fún ìyá ọkọ níṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe tó wọn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ ní, “Ìyá, àwọn ìbejì ń bèèrè àádùn, mi ò sì mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiyín.” Àgbàdo tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀, epo pupa, iyọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣúgà sí i, ẹ bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ díẹ̀ kíún. Oúnjẹ Ẹ̀jìrẹ́ ni láti àtayébáyé, fítámì A wà nínú epo yẹn, Ìyá á sì jókòó pẹ̀lú wọn, á máa dì í ní ìṣù kéékèèké fún wọn, á máa ki oríkì wọn. Kí wọ́n má fún Ìdòwú nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun gbígbẹ á há a lọ́fun. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn ṣáájú, kí ó má bàa dà bíi pé ẹ ń gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ra àgbàdo gbígbẹ kóńgò kan sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.